Ṣé béèsì ni kò jẹ́ kí ejò ọmọ mi jẹun mọ́?

ÌyáTádé_Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ mi ọkùnrin, Tádé, ló ń sin ejò. Royal python ni, irú òjòlá kan, ó sọ ọ́ ní Jollof. Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, èmi kọ́. Inú àpótí gíláàsì ló wà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú yàrá Tádé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pákó ni ilẹ̀ yàrá náà.

Nígbà Kérésì, bàbá rẹ̀ ra sípíkà ńlá kan fún un, irú èyí tí àpótí béèsì rẹ̀ dá wà. Ilẹ̀ ni wọ́n gbé béèsì yẹn sí, ó fara ti kọ́bọ́ọ̀dù Jollof. Láti ìgbà náà ni ejò yìí kò ti fẹnu kan eku. Inú ihò rẹ̀ ló ń wà tọ̀sán-tòru, bí wọ́n bá sì ti tẹ fújì sí i, á fa orí wọlé. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, bàbá rẹ̀ ní ejò ò létí, kí ló fẹ́ fi gbọ́ fújì? Tádé ní irọ́ ni, pé Jollof mọ orúkọ ara rẹ̀, pé bí òun bá pè é, ó máa ń yọrí.

Ta ni kí n gbà gbọ́? Ó ti lé ní oṣù kan tí kò jẹun. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ejò tí ebi ń pa, tí yàrá rẹ̀ kángun sí yàrá mi, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Láńre_Peckham

Ìyá Tádé, ẹ kú ìfaradà. Èmi ì bá ti kó ilé náà sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Mo jókòó, mò ń ka ìdáhùn.

Eléjò_Coventry

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ó pẹ́ tí mo ti ń sin irú ejò yìí, mo sì ti ṣiṣẹ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Bàbá Tádé jàre díẹ̀, ẹ̀yin lẹ jàre jù.

Lóòótọ́, ejò kò ní ihò etí, kò sì ní awọ tó máa ń gbọ̀n nínú etí tiwa bí ohùn bá kàn án. Ṣùgbọ́n etí inú, èyí tó fara pamọ́ sínú egungun orí, ó ní in. Egungun tín-ín-rín kan ló so ó mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n ejò sì rèé, ilẹ̀ ló sábà máa ń gbé e lé. Ohunkóhun tó bá mi ilẹ̀ á mi àgbọ̀n, á gba ara egungun yẹn dé etí inú. Apá ọ̀tún àti apá òsì àgbọ̀n rẹ̀ kò tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ra níwájú bíi tiwa. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ kan ṣírò rẹ̀ pé èyí lè jẹ́ kí ejò mọ ọwọ́ tí eku ti ń rìn bọ̀, torí apá kan á mì ṣáájú ìkejì.

Irú Jollof gan-an ni wọ́n lò ní Dẹ́ńmáàkì fún ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012. Wọ́n fi wáyà tín-ín-rín sábẹ́ awọ orí àwọn ejò náà kí wọ́n lè rí bí ọpọlọ ṣe ń dáhùn. Ohùn tó wà láàárín 80 àti 160 hertz (iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni wọ́n gbọ́ dáadáa jù, ohùn béèsì nìyẹn. Kódà níbẹ̀, ó ní láti tó nǹkan bíi decibel 78 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) kí ó tó wọlé. Ọ̀rọ̀ tí à ń bára wa sọ nínú ilé kò ju bíi 60 lọ. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé ohùn inú afẹ́fẹ́ pàápàá, orí ejò ló ń mì, mímì yẹn ló sì ń gbọ́.

Ẹ wá wo béèsì Tádé. Ibi tí agbára béèsì pọ̀ sí náà ni ibi tí etí Jollof mú sí, ẹ sì gbé àwọn méjèèjì sórí pákó kan náà! Ihò eku àti ihò inú òkìtì ọ̀gán ni irú ejò yìí ń gbé ní Togo, Benin àti Ghana, níbi tí wọ́n ti ń kó wọn wá sókè òkun. Bí ilẹ̀ bá ń mì lẹ́nu ihò rẹ̀, kí ló fẹ́ jáde wá ṣe?

Àmọ́ mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru fújì. Ìgbà òtútù la wà. Akọ royal python tó ti tó gun abo lè kọ oúnjẹ fún oṣù mélòó kan lásìkò yìí láìsí àìsàn kankan. Ooru ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ tó móoru yẹ kó wà ní nǹkan bí 32°C, ẹ̀gbẹ́ tó tutù ní bí 26°C. Tẹmọ́mítà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, irọ́ ló máa ń pa. Ẹ ra èyí tó ní wáyà. Ẹ gbé béèsì lọ sí pálọ̀ nísàlẹ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà tó nípọn sábẹ́ àpótí Jollof, kí Tádé má gbé ejò náà jáde fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà kó fún un ní eku inú fìríìsà tó ti yọ́, tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, lálẹ́, kí iná yàrá kú. Àwọn ihò kéékèèké tó wà létè rẹ̀ ló fi ń mọ ooru, eku tútù kò jọ ọ́ lójú.

ỌmọỌdẹ_Ṣakí

Ọdẹ ni bàbá mi. Bó bá ń gba inú koríko kọjá, ó máa ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níwájú, ó ní ejò á gbọ́, á sì yà fún òun. Ọ̀pọ̀ ejò ló máa ń yà lóòótọ́. Ọká ò mọ ìyẹn. Ibi tó bá ká jọ sí, ibẹ̀ náà ni wàá bá a, àfi bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n Eléjò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi kún un, kí ẹnì kan má lọ máa janlẹ̀ nínú igbó kó rò pé ọ̀nà ti là.

Eléjò_Coventry

O ṣeun, àbúrò. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní Queensland ní Ọsirélíà, wọ́n fi ohùn dán ejò 19 wò, ìwádìí náà jáde lọ́dún 2023. Òjòlá ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ woma máa ń sún mọ́ ibi tí ohùn ti ń wá. Taipan, tí oró rẹ̀ burú jáì, sá ló ń sá.

ÌyáTádé_Leeds

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Bàbá Tádé ti kà á tán, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n béèsì ti wà nísàlẹ̀. Tádé ló ń yọ mí lẹ́nu báyìí: orúkọ tí òun ń pè ńkọ́?

Eléjò_Coventry

Ẹ bá mi sọ fún un pé kò gbọ́ “Jollof” rárá. Ohùn ọmọdé ti ga ju ibi tí etí ejò mú sí lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó ló ń gbọ́. Bó bá sì ti ṣí àpótí, òórùn rẹ̀ ló ń fi ahọ́n tọ́ wò. Bó bá jiyàn, kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó tó àkókò tí Jollof máa ń jí, kó má mira, kó máa pè é. Lẹ́yìn ìyẹn kó dákẹ́, kó rìn lọ sídìí àpótí.

Ohun kan kù tó ju ti orúkọ lọ. Kó máa gbé e sórí síkéèlì tí ẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ, dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ejò ló kàn. Gíráàmù mélòó ló jẹ́ báyìí?