Kànìnkànìn orí igi ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Róòmù àtijọ́: ibo ni ká gbé e sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Àwòṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò ti Ostia, ìlú èbúté Róòmù àtijọ́, là ń kàn fún àfihàn. Ìjókòó mábù gbọọrọ ti parí, kòtò jíjìn tí omi ń ṣàn gbá ìgbẹ́ lọ wà lábẹ́ rẹ̀, gọ́tà tí kò jìn sì wà níwájú ẹsẹ̀. Ó ku kànìnkànìn òkun tí wọ́n ń so mọ́ igi. Seneca, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Róòmù, dárúkọ rẹ̀, àmọ́ kò là á yé wa tó. Àwọn kan ní ìdí ni wọ́n fi ń nù. Àwọn mìíràn ní búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ihò ni. Ihò ìjókòó tó tún lanu síwájú, láàárín itan, ló jẹ́ ká fara mọ́ ti àkọ́kọ́ (bí wọ́n bá jọ ń lò ó, aràn inú á kúkú ràn bí iná ọyẹ́!). Ṣé inú gọ́tà ni ká gbé e sí, àbí igun ilé? Ẹ má bínú pé ó gùn. A dúpẹ́ o.