Ṣé kí n dá ẹ̀kọ́ mi dúró fún ọdún kan?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọdún kẹta ni mo wà ní fásitì. Iṣẹ́ òru ni mo fi ń rí owó ilé-ìwé san, oorun sì ń gbé mi lọ ní kíláàsì. Mo ti fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì méjì. Ìwé tí mo máa ń kà tìfẹ́tìfẹ́ tẹ́lẹ̀, ojú lásán ni mo fi ń wò ó báyìí. Mo ń rò ó pé kí n lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, kí n tọ́jú owó, kí n wá padà. Bàbá mi ní ẹni tó bá ti jáde kì í padà mọ́. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde kan:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá san gbogbo owó yẹn lónìí, ṣé wàá ṣì fẹ́ lọ? Bí o kò bá ní lọ mọ́, owó ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe ìwé. Béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí o máa san án díẹ̀díẹ̀, tàbí kí o dín kọ́ọ̀sì kù. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ dín kọ́ọ̀sì kù nítorí ojú ayé, bẹ́ẹ̀ ó yá ju kéèyàn tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ.

Olùkọ́ fásitì kan:
Má kàn pòórá o! Ẹni tó gba àyè àti ẹni tí wọn kò rí mọ́, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé-ìwé fi ń wò wọ́n. Kọ lẹ́tà. Bí àìsàn bá wà níbẹ̀, fi ìwé dókítà kún un. Béèrè ọjọ́ tó kẹ́yìn tí èèyàn lè yọ orúkọ kúrò nínú kọ́ọ̀sì kí wọ́n má bàa kà á sí ìkùnà. Bí ìdánwò bá ti sún mọ́ báyìí, ọjọ́ náà lè ti kọjá. Bó bá ti kọjá, ó lè sàn kí o ṣe ìdánwò náà kí o tó lọ. Béèrè pẹ̀lú bóyá ọdún ìsinmi á wọ inú iye ọdún tí wọ́n fún ọ láti parí. Bí akọ̀wé bá ní “kò sí wàhálà,” ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ kan:
Mo lọ, mo sì padà. Àmọ́ owó oṣù dùn, ọmọ mi. Òun ló fẹ́ dá mi dúró, kì í ṣe ọ̀lẹ. Sáà kan ni kó o kọ́kọ́ gbà, má tíì gba ọdún kan. Kó o tó lọ, jẹ́ kí bàbá rẹ mọ ọjọ́ tó o máa padà.

Ẹlòmíràn:
Ṣé o yáwó? Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó yá owó ìjọba àpapọ̀ tó sì kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́, oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Bó bá lo oṣù 6 náà tán, wọn kò ní fún un ní òmíràn lórí owó yẹn. Wo ohun tó wà nínú ìwé tìrẹ.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. N kò yáwó. Bí wọ́n bá san owó náà fún mi, n kò ní lọ rárá, n ò purọ́. Lọ́jọ́ Ajé, màá lọ béèrè nípa ọjọ́ yẹn àti bí mo ṣe lè máa san díẹ̀díẹ̀. Olùkọ́, ta ni kí n kọ lẹ́tà sí?

Olùkọ́ fásitì kan:
Olórí ẹ̀ka rẹ. Ṣe ẹ̀dà fún ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ rẹ.