Mo rí ọmọ kan tí gbogbo kóòṣì fojú fò: ṣé kí n fi orúkọ mi dúró fún un?

Kóòṣì Kékeré, Texas
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ọdún yìí ni mo di igbákejì kóòṣì básíkẹ́ẹ̀tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan níbí. Division II la wà, ìyẹn ìpele kejì nínú eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà; Division I ni tàwọn ńlá. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa wá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn yunifásítì ńlá ò kà sí. Sikọ́láṣíìpù 10 péré ni òfin gbà wá láyè láti ní, ńṣe la sì ń gé e wẹ́wẹ́ pín fún àwọn ọmọ. Tá a bá ṣi ẹyọ kan mú, gbogbo ilé ló máa fara gbá a.

Lóṣù tó kọjá, mo wakọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Houston nítorí ọmọ gíga kan tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Ọmọ yẹn ò wú mi lórí. Ẹlòmíràn ló gba ojú mi. Ó ga tó ẹsẹ̀ 6 àti íǹṣì 3, kíláàsì kọkànlá ló wà, póìntì 6 péré ló gbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ìdá kẹta eré, ẹnìkejì rẹ̀ gbàgbé ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́. Kí kóòṣì wọn tó lanu, ọmọ yìí ti nawọ́ síbẹ̀, ó ti sáré di àlàfo náà, ó dúró gbọn-in. Alátakò fi àyà gbá a lulẹ̀, fèrè dún, bọ́ọ̀lù di tiwọn. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde, mo rò pé yóò lọ fi táwẹ́ẹ̀lì bojú ni. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ kékeré kan tí kò tíì wọlé rárá ló lọ jókòó sí. Ó ń fi ìka méjì rìn lórí itan ara rẹ̀, ó ń fi bó ṣe yẹ kí ẹsẹ̀ dúró hàn án.

Mo bi kóòṣì wọn pé kí ló dé tí n kò rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Ó ní kì í bá àwọn ẹgbẹ́ AAU (àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn kóòṣì ti sábà máa ń wá ọmọ) rìnrìn àjò, torí gbogbo Sátidé ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Ó wá dárúkọ rẹ̀ fún mi, àṣé ọmọ wa ni. (Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ò jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, ẹ forí jì mí.)

Wàhálà mi jẹ́ méjì. Ọ̀gá mi ní kí ni òun fẹ́ fi ọmọ tí àwọn tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n àwọn ọmọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ò fún ní ẹyọ kan ṣe, nígbà tí àwọn ẹni ọdún 22 kún inú transfer portal fọ́fọ́, ìyẹn ibi tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fẹ́ pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń forúkọ sílẹ̀ sí. Èkejì ni màmá ọmọ náà. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo pè wọ́n, wọ́n ní, "Ẹ má bínú o, ìwé ni mo ní kí ọmọ mi kà, mi ò ní kó gbá bọ́ọ̀lù." Ni wọ́n bá pa fóònù.

Ṣé kí n dúró ti ọmọ yìí, àbí kí n wá ẹlòmíràn lọ?

Bàbá Kóòṣì, Dallas
Àbúrò mi, o káre. Ẹni tó rí ìka méjì lórí itan yẹn mọ nǹkan tó ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo rí i. Padà lọ, kó jẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ tó lágbára jù wọ́n lọ máa bá wọn gbá a. Tètè dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó o wo bó ṣe ń múra sílẹ̀ nígbà tí èrò ò tíì dé. Má jókòó láàárín àwọn kóòṣì yòókù. Ojú ara wa là ń wò níbẹ̀: tẹ́nì kan bá kọ nǹkan sínú ìwé, gbogbo wa á kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń fojú fo ọmọ nìyẹn.

Ní 2016, igbákejì kóòṣì kan láti yunifásítì Murray State lọ wo ọmọ mìíràn ní South Carolina. Ibi tó ti ń wá ìpápánu lọ ló ti gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn, ó sì yọjú síbẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbá mẹ́ta-sí-mẹ́ta, Ja Morant wà láàárín wọn. Nígbà tó fi máa di 2019, òun ni ẹnìkejì tí wọ́n pè nígbà tí NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ń yan àwọn tuntun.

Ọ̀gá rẹ ò purọ́ o. Láti 2018 ni portal yẹn ti wà, ṣùgbọ́n láti 2021 tí ọmọ ti lè fi ibì kan sílẹ̀ kó sì gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn láìjókòó ọdún kan, àwọn ọmọ girama ló ń jìyà rẹ̀. Má bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó o lè sọ ni pé òfin Division II gbà kẹ́ ẹ dán ọmọ wò lẹ́ẹ̀kan nínú ọgbà yín, tí àsìkò eré ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti parí, tí dókítà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò.  Jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fojú ara rẹ̀ rí i láàárín àwọn àgbà ọmọ yín. Fídíò tó o bá sì máa gbé wá, kó jẹ́ odindi eré. Àwọn tí wọ́n gé jọ yẹn, ta ni kì í dára níbẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ bá mi bi ọmọ náà bóyá ó ti ṣọ́ gòólì rí. Gòólì ni Hakeem Olajuwon, ọmọ wa tó di ìlú mọ̀ọ́ká nínú NBA, ń ṣọ́ l'Ékòó, ó sì ń gbá handball kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì, 1980 ló dé Houston, ní 1984 òun ni NBA kọ́kọ́ pè. Ẹsẹ̀ tó fi ń jó yẹn, ibẹ̀ ló ti kó o wá.

Ìyá Ìbejì, Katy
Ọmọ mi, mo fẹ́ bá ẹ sọ òótọ́. Wọn kì í fi fóònù bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Èmi náà ì bá pa á mọ́ ẹ létí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí. Àwọn kan gba owó lọ́wọ́ mi lórí ọmọbìnrin mi, wọ́n ní àwọn á gbé fídíò rẹ̀ dé iwájú àwọn kóòṣì káàkiri Amẹ́ríkà. Owó tí mo fi pamọ́ fún ẹ̀rọ ìfọṣọ ni. Ẹyọ ẹnì kan ò pè wá. Látìgbà náà, tẹ́nì kan bá ti ní òun fẹ́ràn bí ọmọ mi ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, àpò mi ni mo máa ń dì mú. Torí náà, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ ni pé o ò gba kọ́bọ̀.

Ìwé ni kó o wá bá a sọ. Bi í pé kí lọmọ fẹ́ kà, kó o sì mọ̀ bóyá wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ yín. Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ jọ wo èsì ìdánwò rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 16 ní girama ni NCAA ń kà, GPA (ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀) 2.2 ni fún Division II, 2.3 ni fún Division I. Tí Division I bá sì máa gbà á, mẹ́wàá nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kejìlá. Ọ̀pọ̀ ìyá ò mọ èyí àfìgbà tó bá ti bọ́. Tó o bá jẹ́ ẹni tó sọ fún un, kódà tí kò bá wá sọ́dọ̀ yín, kò ní gbàgbé ẹ.

Mo sì mọ̀ pé wọ́n kọ́ ẹ nílé pé kó o má lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo. Ti èyí o, lọ lọ́wọ́ òfo. Òfin ò gba ẹ̀bùn, ì báà ṣe búrẹ́dì. Ṣàlàyé fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó máa yé e.

Dàda, Chicago
Ẹ má bínú, ohun kan ń kọ mí lóminú. Ká ní orúkọ ọmọ náà kì í ṣe orúkọ wa, ṣé ẹ̀ bá ṣì máa pàdánù oorun lórí rẹ̀? Ọmọ fọkanáísà tí màmá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ojú àánú lè dà bí ojú iṣẹ́. Ẹ fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ má sọ nọ́ńbà ara aṣọ rẹ̀, ẹ má sọ nǹkan kan.

Ẹ sì má fi dá a lójú pé ọ̀dọ̀ yín nìkan ló dára fún un. Jimmy Butler, Tomball tí kò jìnnà sí Houston ló ti jáde girama. Tyler Junior College, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, ló kọ́kọ́ lọ, kí yunifásítì Marquette tó mú un, ó sì di àgbà nínú NBA. Tọ́mọ náà bá sì mọ̀wé dáadáa, àwọn Division III kan wà tí kì í fún èèyàn lówó nítorí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń fún ẹni tí kò ní lọ́wọ́ lè ju tiyín lọ. Ẹ jẹ́ kí màmá rẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀.

Kóòṣì Kékeré, Texas
Ẹ ṣeun gan-an. Bọ̀dá Dàda, mi ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí mo ti kọ nǹkan sílẹ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé orúkọ yẹn ò fi nǹkan kún un. Màá dán ìmọ̀ràn yín wò.

Mà, mo ti kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, mo tọrọ àforíjì pé àsìkò tí mo pè ò dáa, mo sì kọ ti iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 16 yẹn sínú rẹ̀. Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì lọmọ fẹ́ kà, a sì ní in. Wọ́n ní kí n wá ní Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ òfo ni màá gbé lọ.

Bàbá, mo ti fi odindi eré méjì ránṣẹ́ sí yín. Mi ò sọ nọ́ńbà rẹ̀.

Bàbá Kóòṣì, Dallas
Mo wò ó tán láàárọ̀ yìí, mo dá eré kejì padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó ń nawọ́ kiri yẹn, tí okùn bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ pupa?

Kóòṣì Kékeré, Texas
Òun ni, sà.