Ọmọ mi kì í jókòó jẹ́ẹ́, wákàtí 9 sì wà níwájú wa: ẹ gbà mí o

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Ọlidé ìgbà ooru ti dé, bàbá àwọn ọmọ mi sì ti ṣèlérí fún gbogbo ẹbí pé ọkọ̀ wa la máa gbé lọ sọ́dọ̀ wọn. Wákàtí 9 gbáko! Kò bi mí kó tó sọ ọ́. Orí fóònù ni mo ti gbọ́, àbúrò rẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ohun tí mi ò mọ̀dí. Èmi ni kí n di ẹrù, èmi ni kí n ro ohun tí ọmọ máa jẹ, èmi náà ni kí n wá ọgbọ́n tí kò fi ní sunkún. Òun ti ra fìlà tuntun ní tiẹ̀. Méjì. Ìyá ọkọ mi náà ń bá wa lọ, àpótí wọn nìkan ti gba ìdajì búùtù, àpótí aláwọ̀ ewé kan tó ti wà láti ìgbà ìgbéyàwó wọn, tí ìdè rẹ̀ ti já, okùn ni wọ́n fi ń so ó.

Àbíkẹ́yìn mi kì í jókòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìrìn 40 ìṣẹ́jú péré la rìn, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó jù ú gba ojú fèrèsé, ó wá ń sunkún bàtà náà títí a fi délé. Kí lẹ máa ń ṣe tí ọmọ fi ń dákẹ́ nínú ọkọ̀? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ó mà ṣe o. Ọdún tí àwọn ìbejì mi pé méjì, a rin irú ìrìn yìí. Mo kó ohun ìṣeré kún àpò kan, mo tú gbogbo rẹ̀ fún wọn kí wákàtí àkọ́kọ́ tó pé. Nígbà tó di wákàtí kejì, ìdérí ike omi ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìyá mi ló kọ́ mi lọ́gbọ́n nígbà tí à ń padà bọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí n máa yọ ọ́, kí n fi aṣọ wé e, kí títú rẹ̀ náà lè di eré. Ẹ mú pọ́ọ̀ dání o, èyí tó ní ìdérí. Mi ò ní sọ bí mo ṣe mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ní ìdérí.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin:
Òru ni kí ẹ lọ. Ọmọ á sùn, oòrùn ò ní sí, ọ̀nà á dá. Èmi kì í gbé ọmọ rìn lọ́sàn-án.

Awakọ̀ Àgbà:
Ọmọ á sùn, ta ni kò ní sùn? Mo wa ọkọ̀ akérò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó jí láago mẹ́fà àárọ̀, tó ṣiṣẹ́ òòjọ́, tó wá bọ́ sídìí ọkọ̀ lálẹ́, tí aago méjìlá òru bá fi máa lù, ó ti pé wákàtí 18 tó ti lajú, ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ti ń ṣe bíi ti ẹni tó mutí. Kí wọ́n sùn dáadáa, kí wọ́n jáde láago márùn-ún ìdájí. Ní wákàtí méjì méjì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Pẹ̀lú ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, 15 ò tó, ẹ gbé e sílẹ̀ kó sáré. Ìyàwó wa, wákàtí 9 yín kì í ṣe 9, ó máa tó 12. Ẹ ní kí bàbá ọmọ pín in sí ọjọ́ méjì.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin:
Ọ̀gá, ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń rìn lóru, mi ò tòògbé rí.

Awakọ̀ Àgbà:
Ẹni tó ń tòògbé kì í mọ̀. Ẹni tó jókòó tì í ni kí ẹ bi.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀:
Èmi ò tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ ọmọ níbí. Ọkọ tó ra fìlà méjì, òun ni kí ẹ wá ọgbọ́n fún. Ẹ̀yin obìnrin náà lẹ ń bà wọ́n jẹ́.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Mi ò ní kí ẹ bá mi bú ọkọ mi o. Èmi ni mo mẹ́nu ba fìlà, ẹ fi fìlà sílẹ̀. Ó máa ń fọ abọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, màá wá pọ́ọ̀ náà. Ọjọ́ méjì ò lè ṣeé ṣe, wọ́n ti ń retí wa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá Tuntun:
Wọ́n ní tí èèyàn bá fún ọmọ ní oògùn ikọ́ olómi díẹ̀, á sùn fọnfọn. Èmi ò tíì dán an wò o.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ má dán an wò láé. A kì í fún ọmọdé ní oògùn oorun nítorí ìrìn àjò. Ó lè ṣèdíwọ́ fún mímí rẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ṣe ló máa ta wọ́n jí pátá. Tó bá jẹ́ nítorí èébì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kì í sábà ní èébì ọkọ̀, láti ọdún 2 sí 12 ló máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyá Àbíkẹ́yìn, ọmọ oṣù mélòó ni? Ibo ni àga rẹ̀, àga ọmọdé tí à ń so mọ́ ìjókòó ọkọ̀, kọjú sí? Ṣé AC ń dé ẹ̀yìn?

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ọdún kan ó lé oṣù méjì. AC ń ṣiṣẹ́ níwájú, ẹ̀yìn ni kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Tó bá ti sùn nígbà tí a bá dúró, ṣé ká ṣí fèrèsé díẹ̀ fún un, ká sáré lọ jẹun? Tí wọ́n bá jí i, wàhálà dé nìyẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Rárá o! Ẹ gbé e dání, kó jí, kó sunkún. Bí ìta ò bá gbóná ju 21°C lọ, tó jẹ́ pé ara tu yín, inú ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn lè tó 32°C kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, kó sì tó 40°C ní ààbọ̀ wákàtí. Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ yẹn ò ràn án. Ara ọmọdé sì ń yára gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ju tiwa lọ. Kí ẹ tó gbé e padà sínú ọkọ̀, ẹ fọwọ́ kan irin bẹ́líìtì. Mo ti wẹ itan ọmọ tí irin yẹn jó, àpá rẹ̀ rí bí òǹtẹ̀.
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí àga o.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Àga wà, èyí tó dáa gan-an. Ó máa wà nílé ni. Èèyàn mẹ́fà ni wá, èmi, ọkọ mi, ìyá wọn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì àti òun. Ọkọ̀ èèyàn márùn-ún ni. Ẹ̀yìn la máa jókòó sí, màá gbé e lé itan, màá fi bẹ́líìtì mi yí àwa méjèèjì ká. Mo dì í mú ju àga lọ. Ìdí tí mo fi ń béèrè bó ṣe máa dákẹ́ nìyẹn, torí ara mi ló máa wà.

Ìyá Ìbejì:
Ha. Ẹ̀yin ìyá yìí. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀ tí.

Awakọ̀ Àgbà:
Ìyàwó wa, apá yín ò lè dì í mú. Kì í ṣe pé ẹ ò lágbára. Bí ọkọ̀ tó ń sá 50 km/h bá forí sọ nǹkan, agbára tó máa gbé ọmọ náà síwájú jẹ́ ìlọ́po 30 sí 60 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọmọ kílò 10 á di kílò 300 lójú ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì tí ẹ fi yí ẹ̀yin méjèèjì ká sì burú ju pé kò sí lọ, torí ara yín ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin:
Kí ẹ má dẹ́rù bà á jù. Itan ni wọ́n gbé gbogbo wa lé, a sì dàgbà.

Awakọ̀ Àgbà:
Èyí tí kò dàgbà ò lè wá sọ tiẹ̀ níbí.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀:
Mo ní fìlà ni, ẹ ní kí n dákẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, kì í sì í ṣe àga. Ẹ jẹ́ kí àga náà kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú. Ìlànà R129, ìyẹn ìlànà àjọ UN lórí àga ọmọdé inú ọkọ̀, ò fàyè gbà á kó kọjú síwájú kí ọmọ tó pé oṣù 15, ó sì dáa kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má ṣe wà níwájú níbi tí airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde nígbà ìjàǹbá, wà. Okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún débi tí ìka méjì ò ní lè ká a kó.

Ìyá Àbíkẹ́yìn (lẹ́yìn ọjọ́ méjì):
Mi ò fẹ́ kọ èyí, ẹ ti bú mi tó. Mo ka ohun tí Awakọ̀ Àgbà kọ fún ọkọ mi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn jáde lọ ń wo ìjókòó ẹ̀yìn. Ìyá wọn ló gbọ́ láti yàrá. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ fi orúnkún yìí jókòó fún wákàtí 9? Ọkọ ojú irin ni mo fẹ́ wọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí." Wọ́n ń mú àkọ́bí mi dání. Àpótí náà ń bá wọn lọ. Àga ti padà sẹ́yìn ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn. Ìdájí la máa jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Ẹkún ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ bọ́ bàtà náà kí ẹ tó jáde nílé.