Ọkọ̀ túúbò wù mí, gbogbo ilé ń bú mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Olúyọ̀lé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ ọdún 23 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo rí Volkswagen CC kan, dúdú, awọ gidi ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní férémù rárá, tí ẹ bá ṣí i, gíláàsì nìkan ló máa dá dúró lókè. Túúbò ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i. Tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn báyìí, ẹ̀yìn yín á lẹ̀ mọ́ ìjókòó.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti sọ fún àwọn ará ilé. Àbúrò bàbá mi tí kò tíì ra ju ọ̀kadà lọ láyé rẹ̀ (ẹ máà bínú) ló sọ níwájú gbogbo èèyàn pé, "Túúbò? Kúkú lọ ra gbèsè." Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ sìnlú ní Òṣogbo ra Corolla lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ ká sinmi. Ohunkóhun tí mo bá sọ, "lọ ra Corolla" ni ìdáhùn rẹ̀. Ṣé Corolla nìkan ni Ọlọ́run dá ni? Èmi ò fẹ́ ọkọ̀ tí màá gbé lọ sóde ìyàwó, tí mi ò ní mọ èwo ni tèmi nínú mẹ́wàá tó wà nílẹ̀.

Ọmọlúàbí ni ẹni tó ń tà á. "Ọmọ mi" ló máa ń pè mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ wò ó, á ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ dè mí, éésì á ti tutù nini kí n tó wọlé. Kí n rà á àbí kí n má rà á?

Ìyá Ìbejì:
Má rà á o. Àbúrò ọkọ mi ra túúbò kan, òun la gbé lọ ìgbéyàwó ní Ìṣẹ́yìn. A ò tíì kọjá Ọ̀yọ́ dáadáa tí èéfín fi bò wá, èéfín búlúù, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò rí ọ̀nà mọ́. Orí ọkọ̀ tó wá wọ́ ọkọ̀ wa la fi dé ibi ìgbéyàwó, èmi pẹ̀lú gèlè lórí. Wọ́n ti jẹun tán. Àpò aṣọ ẹbí tó wà ní bùútù, títí di òní ni àwọn kan ò tíì san owó tiwọn, wọ́n ní a ò mú un dé lásìkò.

Bàbá Olóyè:
Ọmọ ọdún 23. Nígbà tí èmi wà ní ọmọ ọdún 23, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Ọ̀jẹ́ dé Dùgbẹ̀. Ohun tó tún bà mí nínú jẹ́ ni bí o ṣe sọ̀rọ̀ àbúrò bàbá rẹ níta gbangba. Ọ̀kadà tó rà, kò jí i.

Mẹkáníìkì Gate:
Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná. Àbúrò, ọkọ̀ ọdún wo ni? Ẹ́ńjìnì wo? Máìlì mélòó? Ṣé tòkunbọ̀ ni àbí wọ́n ti lò ó ní Nàìjíríà? Èló ni wọ́n pè é? Kí lo fẹ́ fi ṣe? Wọ́n ti kọ̀ lù ú rí àbí wọn ò kọ̀ lù ú?

Ọmọ Olúyọ̀lé:
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ọkọ̀ 2010 ni, ẹ́ńjìnì lítà 2.0. Máìlì 98,000 ló wà lójú rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ẹ lè jẹ ẹ̀bà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀. Bàbá Olóyè, ẹ máà bínú sà.

Ará Peckham:
Ẹ kí gbogbo ilé. Ní London níbí, ìnṣọ́ráǹsì ló máa kọ́kọ́ lé ọmọdé kúrò nídìí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni owó ń ga. Nígbà tí ọmọ mi gba láísẹ́ǹsì, wọ́n ní kí a fi àpótí dúdú kan sínú ọkọ̀, òun ló ń sọ fún wọn bó ṣe ń sáré, bó ṣe ń tẹ bíréèkì, àti aago tó ń jáde lóru. Owó tí wọ́n sì gbà lọ́dún náà sún mọ́ iye tí a ra ọkọ̀ ọ̀hún.

Ọmọ Ládípọ̀:
Ẹ̀yin ará UK! Ìbàdàn lọmọkùnrin yìí wà, àpótí dúdú kí ni?
Àbúrò, má dá wọn lóhùn. Ayé ti kúrò níbi tí ẹ wà. Accord 2018 tí gbogbo yín ń lé kiri Èkó, túúbò ni, 1.5 àti 2.0, àfi háíbíríìdì rẹ̀ tó ń lo epo pẹ̀lú iná bátìrì. Wọ́n ti yọ V6, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà, kúrò. Ta ló ń sọ pé Accord ò dáa?

Adé Benz:
Túúbò kò ní nǹkan kan ṣe. Èmi ti lo Benz tí wọ́n kọ Kompressor sí, túúbò náà ni, ó sì sìn mí.

Ọmọ Ládípọ̀:
Kompressor kì í ṣe túúbò. Bẹ́lítì ẹ́ńjìnì ló ń yí i. Túúbò, èéfín ló ń yí i.

Adé Benz:
Afẹ́fẹ́ kọ́ ni àwọn méjèèjì ń fún ẹ́ńjìnì ni? Ìwọ ta pátì ọkọ̀ tìrẹ jàre.

Mẹkáníìkì Gate:
Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Ọmọ Ládípọ̀ ló tọ̀nà.
Àbúrò, túúbò kì í ṣe àjẹ́. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnì ló ń yí fáànù kékeré kan, ìyẹn sì ń yí ìkejì tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì. Ọ̀pá tó so àwọn méjèèjì pọ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló sì ń léfòó sí. Ọ́ìlì ni ẹ̀mí rẹ̀. Ohun tó ń pa á nílẹ̀ wa ni ọ́ìlì ayédèrú, ọ́ìlì tí wọn ò pààrọ̀ lásìkò, àti kéèyàn sáré láti Èkó wá sí Ìbàdàn kó sì pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀ tó bá dúró. Jẹ́ kó tutù díẹ̀ ná.

Àmọ́ túúbò kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nínú èyí tí o fẹ́ rà. 2.0 TSI ni, ẹ́ńjìnì túúbò Volkswagen. Táímìn chéènì rẹ̀, ìyẹn chéènì tó ń jẹ́ kí fáàfù àti písítínì máa bá ara wọn rìn, ni mò ń wò. Ohun tó ń fa chéènì náà le, tí à ń pè ní tensioner, èyí tí wọ́n fi sínú irú ẹ́ńjìnì yìí láti 2008 títí dé nǹkan bíi 2012 kò lágbára. Bó bá yọ̀, chéènì á fo, fáàfù á pàdé písítínì, ẹ́ńjìnì di pàǹtí nìyẹn. Wọ́n ti ṣe tuntun tó sàn ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ rẹ̀ máa ní rìsíìtì lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ náà ń gba owó gan-an. Bèèrè rìsíìtì yẹn.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó ti ń ṣàìsàn: jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kó tutù pátápátá, kí wọ́n wá tan án lójú rẹ láàárọ̀, pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí. Tó bá dún gàràgàrà ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dákẹ́, máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà, tú rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ túúbò lọ sí intercooler, ìyẹn ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù, kí o fi ìka kan inú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá kàn fẹ́lẹ́ síbẹ̀, kò burú. Tó bá ń kán tó-tó-tó, túúbò ti ń jò nìyẹn. Fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ pẹ̀lú, ẹ́ńjìnì yìí máa ń mu ọ́ìlì.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kejì. O ní gbogbo ìgbà tí o bá lọ ló ti máa ń tan án sílẹ̀ dè ẹ́. Ọmọlúàbí kọ́ nìyẹn o.

Ọmọ Olúyọ̀lé:
Ọ̀gá, oòrùn ló ń mú, ìdí tó fi ń tan éésì nìyẹn. Mẹkáníìkì tirẹ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí wàhálà. Mílíọ̀nù mẹ́rin àti igba ẹgbẹ̀rún ló fẹ́ gbà. Ẹ wo Corolla ọdún kan náà, ẹ ò ní rí i ní iye yìí.

Ìyá Ìbejì:
Má rà á. Mo ti sọ.

Ará Peckham:
Mẹkáníìkì ẹni tó ń tà á ló yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ládípọ̀:
Ìdí tí owó rẹ̀ fi pọ́ọ́kú ni pé ẹ ti dẹ́rù ba gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò ń jẹ̀gbádùn.

Sistà Bódìjà:
Epo ńkọ́? Ọkọ mi ní irú ẹ́ńjìnì yìí ń fẹ́ epo tó dáa ju èyí tí à ń rà lọ, wọ́n kọ ọ́ sí ìdérí táǹkì rẹ̀. Irú kan ṣoṣo sì ni ilé epo wa ń tà. Ẹ ti gbàgbé oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí wọ́n kó epo tí kẹ́míkà methanol pọ̀ nínú rẹ̀ wọ̀lú, tí ọkọ̀ ń dákú sójú títì?

Mẹkáníìkì Gate:
Ọ̀rọ̀ yín tọ́, màmá. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rọra dín agbára kù bí epo ò bá dáa tó, kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ kó má máa fi gbogbo ìgbà tẹ̀ ẹ́ palẹ̀.
Àbúrò, o ò tíì dáhùn. Kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Ṣé o ti skáànù rẹ̀?

Ọmọ Olúyọ̀lé:
Mo ti skáànù rẹ̀ o, kí ẹ má baà rò pé mo gọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ síárìn, ó so ó mọ́ fóònù. Kò sí kóòdù kankan tó ń sọ pé nǹkan bàjẹ́, òdo ni! Ó kàn kọ "not ready" sí ẹ̀gbẹ́ àwọn nǹkan kan, bí i mẹ́rin, ẹni tó ń tà á ní ìyẹn ò já mọ́ nǹkan.

Mẹkáníìkì Gate:
Háà. Ó já mọ́ nǹkan o.
Bí wọ́n bá fi skáànù pa kóòdù rẹ́, tàbí tí wọ́n yọ bátìrì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Títí tó fi máa parí i, "not ready" ló máa kọ. Ó ń gba kí wọ́n gùn ún káàkiri dáadáa kó tó parí. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lójoojúmọ́ ò ní ní mẹ́rin nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu nǹkan kan kúrò lójú rẹ̀ ni, àfi bí bátìrì bá kú. Bí mo bá dé ibẹ̀, kóòdù P0016 ni mo máa kọ́kọ́ wá, ìyẹn ti chéènì, lẹ́yìn náà P0299, ti túúbò tí kò ti afẹ́fẹ́ tó mọ́.

Bàbá Olóyè:
Ṣé o ti fún ọkùnrin náà lówó?

Ọmọ Olúyọ̀lé:
Ọ̀gá Mẹkáníìkì, ó sọ fún mi pé bátìrì tuntun lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Ó lè jẹ́ òun nìyẹn.
Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ẹ máà bú mi: Bolt ni. Màmá mi gba owó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn ní ọjà Bódìjà, àwọn obìnrin méjì ló dúró fún un. Oṣooṣù la máa dá a padà, ọdún kan ààbọ̀. Mo rò ó pé ọkọ̀ tó rẹwà máa fa oníbàárà, mo sì lè fi gbé ìyàwó lópin ọ̀sẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Yéèè! Owó ọjà ìyá rẹ!

Adé Benz:
Ará, èmi ò mọ̀ pé Bolt ni. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ọmọ Ládípọ̀:
Èmi náà. Túúbò fún fàájì yàtọ̀ sí túúbò fún owó ojúmọ́. Pátì rẹ̀ kì í sábà sí ní Gate n'Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ wa ní Èkó ni wọ́n ti máa fi ránṣẹ́. Ọkọ̀ á máa sùn, ẹgbẹ́ ò sì ní sùn.

Mẹkáníìkì Gate:
O rí i, o ti dá gbogbo ìbéèrè náà lóhùn fúnra rẹ. Láàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá. Lọ́sàn-án, Iwo Road, éésì ò gbọ́dọ̀ kú nítorí oníbàárà. Ooru yẹn á máa se ọ́ìlì. Lítà mẹ́rin àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló ń gbà, ọ́ìlì sintẹ́tíìkì tó bá a mu, kì í ṣe ti gálọ́ọ̀nù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Èmi á ní kí o máa pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 5,000, ìyẹn ò sì pẹ́ láti pé fún ẹni tó ń ṣe Bolt. Fi iye yẹn sínú ìṣirò rẹ, fi owó chéènì sí i, kí o wo ohun tó máa kù fún màmá.

Sistà Bódìjà:
Ọmọ mi, mo mọ àwọn obìnrin ọjà yẹn. Tí oṣù kan bá yẹ̀, iwájú ìsọ̀ àwọn méjì tó dúró fún un ni wọ́n máa lọ jókòó sí.

Ọmọ Olúyọ̀lé:
Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ pé chéènì rẹ̀ dáa ńkọ́? Ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ti bàjẹ́ tán. Corolla 2005 ni mílíọ̀nù mẹ́rin máa rà fún mi, mo ti wò ó, èyí tí mo rí ń dún kọ́ù-kọ́ù ní iwájú.

Mẹkáníìkì Gate:
Ẹsẹ̀ iwájú nìyẹn, bọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, Gate níbí ni pátì rẹ̀ wà, ọ̀sán kan ni.

Bàbá Olóyè:
Ó tún fò ó. Mo ní, ṣé o ti fún ọkùnrin náà lówó?

Ọmọ Olúyọ̀lé:
Ọ̀gá Mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá san owó ọkọ̀ yín, ṣé ẹ lè bá mi lọ wò ó láàárọ̀ Sátidé? Ọ̀nà Ring Road ni.

Mẹkáníìkì Gate:
Màá wá. Aago méje. Má sọ fún un pé à ń bọ̀.