"Títẹ̀" kọ́, "lílọ̀" ni: lórí orúkọ tí a ó fún mokuhanga

Ẹ̀yin ará, mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí "ìtẹ̀wé onígi" fún mokuhanga, iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Jàpáànù níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ àwòrán sára pákó kí wọ́n tó mú un jáde sórí bébà. N kò bá "onígi" jà. Igi náà ni moku. "Títẹ̀" ni mo bá ní ẹjọ́.

Kí ló ń tẹ kí ni? Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì pa àwọ̀ àti ẹ̀kọ ìrẹsì sójú pákó (ẹ má rò ó mọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ o: ẹ̀kọ tiwa ń dènà aró, tiwọn ń mú àwọ̀ di bébà mú). Wọ́n á tẹ́ bébà tó rin díẹ̀ lé e, wọ́n á wá fi baren, ohun pẹlẹbẹ róbótó tí wọ́n fi èèpo ọparun wé, máa ra ẹ̀yìn bébà yíká. Ṣíbí onígi lèmi lò nígbà tí mo dán an wò. Nígbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àbàwọ́n lásán ló jáde; nígbà tí mo fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ̀ ọ́, ìlà yọ kedere.

Lọ̀! Òun ni mo ń wá. Suru ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn, ìró kan náà tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn ń lọ tádàwà gbígbẹ lórí òkúta. Àwa náà ń lọ ata, a sì ń lọ aṣọ. Surishi wọn, ẹni tó ń lọ bébà lórí pákó, á wá di alọ̀wòrán. Ẹni tó bá ní ó jọ alọta ọjà kò parọ́. Apá ló ń ro àwọn méjèèjì.

Ẹnìkan dábàá "afíngi" fún horishi, ẹni tó ń gbẹ́ àwòrán sára pákó. N kò gbà. Bí onígbá bá fín igbá, ìlà tó fín lojú ń rí. Horishi kì í fọwọ́ kan ìlà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbẹ́ dànù títí ìlà á fi dá dúró bí ebè lóko. Agbẹ́gi tó.

Kentō ló le. "Àmì" tí ẹ pè é kò tó o. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára pákó ni, ọ̀kan ní igun, èkejì ní ẹ̀gbẹ́, kí bébà lè jókòó síbì kan náà lórí pákó àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti 1765 tí àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ bíi ti ayàwòrán Suzuki Harunobu ti gbòde ní Edo (Tokyo òde òní), pákó lè tó mẹ́wàá fún àwòrán kan. Ní èdè Jàpáànù, ẹni tí àbá rẹ̀ tàsé, kentō-chigai (kentō tó ṣì) ni wọ́n ń sọ pé ó ṣe. Ìdí tí mo fi mú "ibùjókòó" wá nìyẹn: bébà tó bá ṣìjókòó, pupa ètè obìnrin inú àwòrán á lọ bọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀.