Ṣé “ìgbéyàwó” náà ni to'y?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹni tó dábàá lánàá pé ká túmọ̀ to'y, àríyá àwọn Uzbek (ẹ̀yà kan ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà), sí “ìgbéyàwó”, kó má bínú, aṣọ yẹn ò balẹ̀. Nikoh to'y nìkan ni ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá dábẹ́ fún ọmọkùnrin, sunnat to'y ni. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ́ ọmọ sínú beshik, ibùsùn ọmọ wọn, beshik to'y ni. Ṣé “ìgbéyàwó ìdábẹ́” la ó wá máa kọ? Àwọn ará Tọ́kì náà ń ṣe irú rẹ̀. Düğün ni ìgbéyàwó wọn, síbẹ̀ sünnet düğünü ni wọ́n ń pe ti ìdábẹ́, tí wọ́n á múra fọ́mọ bí ọmọ ọba, tí “Maşallah” á wà lára ọ̀já tó gba àyà rẹ̀ kọjá.

“Ìnáwó” ni mo fara mọ́. Bẹ́nì kan bá ní òun ní ìnáwó ní Sátidé, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ìkómọ ni tàbí ìyàwó, àfi tẹ́ ẹ bá bi í. Bí to'y ṣe rí nìyẹn. Ibi tó ti fẹ́ tàsé ni òkú. Òkú àgbà lọ́dọ̀ wa, ìnáwó ni, a ó jó. Àwọn Uzbek náà ń se osh, ìrẹsì ẹlẹ́ran òun kárọ́ọ̀tì, níbi òkú bí wọ́n ṣe ń sè é níbi to'y, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ pe òkú ní to'y. “Ìnáwó ayọ̀” ò sì tún un ṣe: ṣé òkú àgbà kì í ṣe ayọ̀ ni? Ká kọ “ìnáwó”, ká fi kún un pé òkú ò sí níbẹ̀.

Beshik ńkọ́? Ẹ̀yìn ìyá ni tiwa. Tiwọn, ibùsùn onígi tó ń mì ni, àwọn òbí ìyá ọmọ ló sábà máa ń gbé e wá. Wọ́n á fi ọ̀já de ọmọ mọ́ ọn. Igi oníhò kékeré kan, sumak, á máa darí ìtọ̀ lọ sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ní ká pè é ní “àpótí ọmọ”, ẹ jọ̀ọ́, ìsìnkú nìyẹn ń mú wá sọ́kàn. “Ibùsùn jòjòló” tó.

Chilla ò le. Látinú ọ̀rọ̀ Páṣíà fún ogójì ló ti wá, kırk ni lọ́dọ̀ àwọn ará Tọ́kì, ìyẹn ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìbí. Àwọn méjèèjì tún ń ka ogójì fún òkú, bíi tàwọn Mùsùlùmí wa. “Ogójì ọmọ”, “ogójì òkú”, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ “àkókò ìsinmi” o. Ìyá ọmọ ò sinmi, wọ́n ń ṣọ́ ọ ni.